Àlejò àpérò 120 ń bọ̀ l'Ábẹ́òkúta: báwo ni àwọn ọmọ SS2 ṣe máa fi aró àti Olúmọ kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì?

Akọ̀wéÀpérò
Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ onímọ̀ kan fẹ́ ṣe àpérò ọjọ́ mẹ́ta ní Kútọ̀, èèyàn 120 ni wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́ta ṣófo nínú ètò wọn. Ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n kó àlejò lọ sí Olúmọ, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n ra àdìrẹ ní Ìtòkú, kí oníkálukú padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Èrò mi ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ogún, láti ilé-ìwé méjì, gba wákàtí mẹ́ta yẹn. Kí àwọn ọmọ ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì aró àti ti òkúta fún àwọn àgbà, kí àlejò fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ kan lọ sílé, kí ó sì sanwó rẹ̀. Kí ni mo máa kó jọ? Kí ló sábà máa ń bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n àti ètò ni mò ń wá, ẹ má kì mí.

Olùkọ́Kẹ́mí
Ẹ kú làákàyè, Akọ̀wé. Ohun àkọ́kọ́: ẹ má fi ìkòkò kọ́stíìkì àti háídírósì (lúbúlúbú tí àwọn aláró fi ń tú aró) síwájú ọmọ ilé-ìwé. Kọ́stíìkì ń jẹ ẹran ara. Háídírósì tí omi bá kàn nínú ike rẹ̀ lè máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Àwọn aláró tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú un, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò mọ̀ ọ́n.

Ìkòkò oníṣúgà ni kí ẹ lò. Aró lúbúlúbú ọ̀kan, láìmù funfun méjì, ṣúgà inú èso mẹ́ta, ìwọ̀n ni mò ń sọ, kì í ṣe ṣíbí. Fún omi lítà 10, ó jẹ́ aró 50 g, láìmù 100 g, ṣúgà èso 150 g. Láìmù tí mo ń wí ni kalsíọ̀mù háídírọ́ksáìdì, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ da aró náà sínú ìgò pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá ṣì ní kóńkó, kóńkó náà ló máa lẹ̀ mọ́ aṣọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn tí yóò sì máa ra ọwọ́ àlejò. Ẹ da omi híhó lítà márùn-ún mọ́ omi ẹ̀rọ lítà márùn-ún, ooru rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 60°C. Aró wọlé, ṣúgà tẹ̀lé e, láìmù kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Ẹ rò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní òbíríkítí, kí ó má ta ìfófòó, ẹ dé e. Ẹ tún un rò ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ó bá jinná, ojú rẹ̀ á máa dán bíi bàbà, fófòó búlúù á dúró láàárín, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ṣíbí bu ti abẹ́, á pọ́n bí òróró ẹ̀pà. Bí ti abẹ́ bá ṣì dúdú bí aró, kò tíì tú, ìyẹn ni pé kò tíì yọ́ mọ́ omi, kò sì lè wọ aṣọ.

Báàkẹ́tì oníke tó ní ìdérí ni kí ẹ lò. Láìmù ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù, gáàsì háídírójìn ló sì ń jáde níbẹ̀.

Ọmọ_Àjàgbé
Ẹ̀gbọ́n, ibo la ti fẹ́ rí ṣúgà inú èso l'Ábẹ́òkúta?

Olùkọ́Kẹ́mí
Oyin ni. Nínú oyin gidi, ṣúgà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí tó nǹkan bí 70 nínú 100. Nítorí náà, 215 g oyin á dípò 150 g. Ṣùgbọ́n oyin tí wọ́n ti fi ṣúgà tíì lú kò ní tú aró, torí ṣúgà tíì kò lè fún aró ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Àwọn ọmọ lè fi èyí ṣe ìdánwò fúnra wọn: oyin mẹ́ta láti ọjà mẹ́ta, ìkòkò kékeré mẹ́ta, èwo ló tú aró? Gúlúkóòsì inú páálí tí ẹ ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe é, àmọ́ ó ń fẹ́ ooru ju oyin lọ, ó sì ń falẹ̀.

Ìyá_Alárò_Kẹ́mta
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àlejò lọ sílé pẹ̀lú èrò pé báàkẹ́tì ni àwọn ìyá wa fi ń rẹ aró. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kan síbẹ̀ fún ẹ̀lú. Ewé ẹ̀lú ni a ń gún, tí a ń ṣù bí àkàrà, tí a ń sá gbẹ. Omi eérú ni a ń sẹ́ fún un: ìkòkò méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan, ti òkè ní ihò nídìí, eérú wà nínú rẹ̀, omi ń ro kọjá sí ti ìsàlẹ̀. Omi náà á máa yọ̀ láàrin ìka méjì bí ọṣẹ. Ẹ̀lú inú rẹ̀ á wá máa rà fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó gba aṣọ. Òórùn rẹ̀ kò dára, ẹ sọ fún àlejò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má sá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkòkò náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Kò ní gbé aṣọ 120, ti wíwò ni, kí a fi rẹ aṣọ mẹ́ta mẹ́rin.

Olùkọ́Kẹ́mí
Ẹ ṣé, Ìyá. Ìdí tí ẹ̀lú fi ń pẹ́ ni pé kòkòrò ojú-kò-rí ló ń ṣe iṣẹ́ tí oyin ń ṣe nínú báàkẹ́tì. Bí ooru bá dín, kòkòrò a falẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń rò ó ṣáá, ọ́síjìn á wọlé, iṣẹ́ á yí padà. Àwọn ọmọ lè fi zobo wọn agbára omi eérú lójú àlejò: ẹ se ẹ̀kúnwọ́ ewé zobo kan nínú omi lítà àbọ̀ ìlàjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí ata tàbí ṣúgà, ẹ sẹ́ ẹ. Nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ á pọ́n rokoṣo, nínú omi ọṣẹ á yí sí àwọ̀ ewé, nínú omi eérú tó le tàbí láìmù á lọ sí yẹ́lò. Ẹ sè é lọ́jọ́ náà gan-an, kì í pẹ́ kó tó kan.

ajé_rìnrìn
"Lítà àbọ̀ ìlàjì" kẹ̀? Ẹ sọ ọ́ ní mìlílítà, ẹ̀gbọ́n.

Olùkọ́Kẹ́mí
500 ml. Ẹ má bínú, ìka ló yọ̀.

Ọmọ_Àjàgbé
Àṣìṣe kan wà tí ọmọ púpọ̀ máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ṣàlàyé. Wọ́n á ní "aṣọ jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé, ó wá di búlúù nítorí pé ó ń gbẹ." Irọ́ ni. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ aró tó ti tú di èyí tí kò lè tú mọ́. Bí onímọ̀ kan láàrin àlejò bá gbọ́ "ó ń gbẹ", ọmọ náà ti pàdánù rẹ̀. Kí wọ́n fi ojú rí i: ẹ yọ aṣọ kékeré méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti ọ̀kan sínú nylon, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, ẹ so ó. Ẹ fi èkejì síta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, méjèèjì ṣì tutù bákan náà, ṣùgbọ́n ti ìta ti di búlúù, ti inú nylon ṣì wà bó ṣe wà. Kò tún sí ọ̀rọ̀ míì.

Ìyá_Alárò_Kẹ́mta
Aṣọ ńkọ́? Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Òwú funfun tuntun láti ọjà ní sítáàṣì lára, aró kò ní wọ̀ ọ́ dọ́gba, á máa ṣe àbààwọ́n. Ẹ sè é fún wákàtí kan pẹ̀lú sódà ìfọṣọ 20 g fún kílò aṣọ kan àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kán omi sí i lára nígbà tó gbẹ, kí omi rì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ó bá dúró lé e lórí bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ tún un sè. Ẹ sì fa okùn kan yọ, ẹ fi iná sí i: òwú gidi á di eérú, pólístà á yọ́, á di kóró líle. Pólístà kì í gba aró yìí.

ajé_rìnrìn
Mo ti ṣírò rẹ̀. Áńkáṣíìfù 40 cm sí 40 cm, tí òwú rẹ̀ bá wúwo tó 120 g ní mítà onígun-mẹ́rin kan, á jẹ́ bíi 19 g. Aṣọ 120 kò ju kílò méjì àti ààbọ̀ lọ. Ẹ ṣe 135, nítorí pé ó máa ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ mú ti ìyàwó rẹ̀ dání.

Ẹ pín àlejò sí méjì, 60 lọ sí Olúmọ, 60 wà nídìí aró, kí wọ́n wá pààrọ̀. 60 yẹn, ẹ pín wọn sí márùn-ún, 12 sí báàkẹ́tì kan, ọmọ méjì méjì nídìí báàkẹ́tì. Aṣọ mẹ́rin ni kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá kó 12 sínú lítà 10, ẹ máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, omi á sì di búlúù kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú aró, ìṣẹ́jú mẹ́fà níta nígbà tí mẹ́jọ yòókù ń gba tiwọn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyẹn gba ìṣẹ́jú 27, ẹ kà á sí 35. Àlàyé 10, dídì ìko 15, fífọ̀ àti títú ìdì 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 75, fún ìdajì méjèèjì ó jẹ́ 150. Ìrìn àti pípààrọ̀ á gba 30. Wákàtí mẹ́ta pé pérépéré, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ ìkíni ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Àjàgbé
Ìkíni ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́ tán, bí mo ṣe mọ ìlú wa.

Olùkọ́Físíìsì_Ìdíàbà
Ẹ jẹ́ n mú ti Olúmọ wá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: mítà 137 tí gbogbo ènìyàn ń pè, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe pé òkúta náà ga ní mítà 137 láti ibi tí èèyàn dúró sí nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò fúnra rẹ̀ wọn ti ìsàlẹ̀. Protractor, okùn, nọ́ọ̀tì irin kan àti sítírọ́ọ̀ kan, ẹ lẹ sítírọ́ọ̀ mọ́ etí tó tọ́, ẹ so okùn àti nọ́ọ̀tì mọ́ àárín etí náà kí ó máa rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn mítà 50 sí ẹsẹ̀ òkúta, ẹ wo orí rẹ̀ gba inú sítírọ́ọ̀, ẹ ka igun, ìyẹn ni iye tí okùn fi yàtọ̀ sí 90. Gíga ni 50 nígbà tan igun náà, kí ẹ wá fi gíga ojú ẹni tó wò ó kún un.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà ni àṣìṣe. Bí igun bá jẹ́ 45 tí ẹnìkan sì ka 46, gíga yàtọ̀ ní bíi mítà 1.8. Kí ẹni mẹ́wàá wò ó, kí wọ́n kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí pátákó, kí ọmọ SS2 ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi bára mu: afẹ́fẹ́ ń mì okùn, ilẹ̀ kò tẹ́jú, orí òkúta kò sí lókè ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ògbóǹtarìgì máa ń gbàgbé.

Ẹ béèrè owó ìwọlé fún ẹgbẹ́ ńlá kí ẹ tó kọ iye sórí ìwé, ẹ má sì fi lífítì ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé, àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn lè wọn tiwọn láti ìsàlẹ̀.

Ọmọ_Lísàbí
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ, ọmọ ń ṣe eré fún àlejò ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà sí kíláàsì, kò sí ohun tó yí padà. Kí ni ti sáyẹ́ǹsì tiwọn níbẹ̀?

Olùkọ́Kẹ́mí
Òótọ́ lẹ sọ. Nítorí náà ni mo fi ní kí wọ́n ní ìwádìí tiwọn kí àlejò tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ̀ẹ̀mélòó ni a máa rẹ aṣọ kí àwọ̀ rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ ṣá tí a bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún? Aṣọ mẹ́ta mẹ́ta fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó jẹ́ 15. Ìkòkò kan náà, ọjọ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Wọ́n á ya fọ́tò kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì ka iye pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nínú fọ́tò náà.

Ibi tó ń bàjẹ́: fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ nínú gbogbo fọ́tò, ẹ yà á lábẹ́ òrùlé kan náà ní wákàtí kan náà, ẹ sì fi iye ti bébà pín ti aṣọ. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, òòrùn ni ẹ ń wọ̀n, kì í ṣe aró.

Àlejò ń bọ̀ wá ka àkọsílẹ̀ yẹn, ó ń béèrè ìdí tí aṣọ kẹta fi yàtọ̀. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ẹni tí kì í ṣe tíṣà rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọmọ lọ tún un ṣe. Ẹ sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti sọ ọ́, láìsí slide. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ìdíje FameLab tó bẹ̀rẹ̀ ní Cheltenham ní 2005, ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í jẹ́ kí ẹnu yà.

Ọmọ_Lísàbí
Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sórí ìwé ètò àpérò náà bíi ti àwọn olùsọ̀rọ̀ yòókù, kì í ṣe "ìgbádùn ọ̀sán".

ajé_rìnrìn
Ó kù ọ̀rọ̀ owó àti bí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń padà wá. Ẹgbẹ́ onímọ̀ Nàìjíríà máa ń gbé àpérò ọdọọdún kiri ìlú, bíi STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Irú èyí ni kí Abẹ́òkúta máa lé. Àwọn ìlú ńlá ayé ń sáré fún èyí tí ICCA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣètò àpérò, ń kà, ìyẹn ni àpérò tó ní ó kéré tán 50 ènìyàn tó sì ń yí láàrin orílẹ̀-èdè mẹ́ta ó kéré tán. Ká má tíì wá ìyẹn lọ. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó wà nílùú ló ń kọ lẹ́tà ìpè, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń yan ìlú ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú, níbi ìpàdé gbogbogbòò wọn. Tí ẹ bá ń dúró de ìkéde, ẹ ti pẹ́.

Ohun tí lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ: iye ènìyàn tí gbọ̀ngàn gbà tí a bá to àga nìkan, àti tí a bá to tábìlì (ìyẹn sábà máa ń sún mọ́ ìdajì), iye bẹ́ẹ̀dì tó wà láàrin ìṣẹ́jú 15 sí gbọ̀ngàn, jẹnẹrétọ̀ tó dúró ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ta ni ó ń ra dísù rẹ̀, ilé-ìwòsàn (Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà), àti ọjọ́ tí iye owó náà yóò yí padà. Ìlú wa ní Kútọ̀ fún gbọ̀ngàn June 12, ó sì ní ibi ìkàwé Ọbásanjọ́ fún gbọ̀ngàn àti hòtẹ́ẹ̀lì nínú ọgbà kan náà.

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ń dé ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká, ṣùgbọ́n Ládérìn ló wà, kì í ṣe àárín ìlú. Kí bọ́ọ̀sì ti dúró síbẹ̀ kí ọkọ̀ irin tó dé. Ẹ yẹ àkókò ọkọ̀ irin wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ méjì ṣáájú.

Akọ̀wéÀpérò
Ẹ ṣé gan-an. Owó àwọn ọmọ ńkọ́?

ajé_rìnrìn
Ẹ kọ lẹ́tà ìfohùnṣọ̀kan òbí, kí ilé-ìwé sì fọwọ́ sí i. Ẹ san owó sí àkáǹtì ilé-ìwé, kí ìwé àdéhùn sọ iye tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan àti iye tó kan yàrá ìwádìí. Èmi á dábàá ìdajì sí ìdajì. Ẹ fìdí iye àlejò múlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó aṣọ wọlé kí ẹ tó ra òwú. Ẹ má ṣe gba "a máa rí yín lẹ́yìn náà" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó wọ kóòtù.

Ìyá_Alárò_Kẹ́mta
Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kéré, ọmọ mi. Ta ló máa ra oyin? Gba ìdajì.

ajé_rìnrìn
Ìyá, mo ti gbọ́. Ìdajì.

Olùkọ́Kẹ́mí
Ààbò, kí n má gbàgbé. Láìmù lè ba ojú jẹ́, nítorí náà olùkọ́ ni kí ó wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìbọnu àti awò ojú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún gbogbo àlejò. Bí omi aró bá ta sójú, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó gbéra lọ sílé-ìwòsàn. Ẹ má fi ọtí kíkan sí ojú tàbí ara. Omi ọtí kíkan wúlò fún aṣọ: ṣíbí ọbẹ̀ kan nínú omi lítà márùn-ún, á yọ láìmù funfun tó ń mú aṣọ le.

Ọmọ_Àjàgbé
Ìdọ̀tí ńkọ́? Kí ẹ má dà á sí gọ́tà, odò Ògùn ló ń bá lọ.

Olùkọ́Kẹ́mí
Ẹ ṣí ìdérí, ẹ rò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọlé títí gbogbo rẹ̀ fi di búlúù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Aró á rọlẹ̀ pẹ̀lú láìmù. Ẹ gbọ́n omi òkè sínú báàkẹ́tì míì, ẹ máa fi ọtí kíkan sí i, ẹ máa fi bébà pH wọ̀n ọ́n títí yóò fi wà láàrin 6 sí 9. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ sá a gbẹ, àwọn ọmọ lè tún fi ṣe ìkòkò ìdánwò. Àmọ́ bí ẹnìkan bá mú omi háídírósì wá láti ibòmíràn, ẹ má fi ọtí kíkan kàn án: gáàsì tó ń gbé ikọ́ wá ló máa jáde.

Akọ̀wéÀpérò
Ó yé mi. Aró 250 g, láìmù 500 g, oyin kílò kan àti díẹ̀, òwú fún áńkáṣíìfù 135, báàkẹ́tì márùn-ún, ìkòkò amọ̀ kan. Ìyá, ta ni ó máa bá wa sẹ́ omi eérú?

Ìyá_Alárò_Kẹ́mta
Ẹ kó àwọn ọmọ náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n mú eérú igi gidi wá, kì í ṣe ti èédú, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ aṣọ funfun.